Jẹ̀díjẹ̀dí Ilé Àna Mi

Bí ẹ bá béèrè ohun tó pa bàbá ìyàwó mi lọ́wọ́ àwọn àna mi, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn òbí mi nìyẹn nígbà tí àwọn yẹn lọ ṣe ìwádìí ìdílé kí n tó fẹ́ ọmọ wọn, inú àwọn òbí mi sì dùn. Ta ni kò ní jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹni tó fẹ́ràn ṣúgà ní in, ẹni tó ń jókòó pẹ́ ní in, ẹni tó ń mu gààrí láàárọ̀ lálẹ́ ní in. Kò dà bíi wárápá tàbí wèrè, tí àwọn òbí ọkọ á gbọ́ tí wọ́n á wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àrùn ọmọlúàbí ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ni, pé inú rẹ̀ ni àwọn ìdílé tó níyì ń da ohun tí wọn kò fẹ́ kí àlejò rí sí.

Ìlú wọn wà lápá Òmù-Àrán. Ìlọrin ni àwa ń gbé, ní Tanke, nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀ bí èyí tó wà níbẹ̀ lónìí. Mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ọyẹ́ sì ń fẹ́, nígbà tó pè mí láti inú ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan."

Mo wò ó. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò tí àwọn obìnrin ń tà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

A gbéra, a lọ bá dókítà kan tó ní ọsibítù tirẹ̀ nítòsí Challenge. Òkè òkun ni dókítà yìí ti kẹ́kọ̀ọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ nínú yìnyín kọ́ sára ògiri, ó wọ kóòtù tó gùn délẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló dá yìnyín náà. Kì í wo ojú ìyàwó mi tó bá ń sọ̀rọ̀. Èmi ló ń bá sọ ọ́, ní gẹ̀ẹ́sì, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé rédíò tó bà jẹ́ wá fún àtúnṣe. Ó ní ìnfẹ́ṣọ̀n ni. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó fún un ní kápúsù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà dá fúnra rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ní Madam ò mu omi tó. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ó di ẹ̀ẹ̀rùn, ó di òjò. Tó bá dá, òun ló ṣe é. Tó bá padà wá, ọwọ́ aláìsàn ni.

Nígbà tó rẹ òun alára, ó ní ká lọ ya fọ́tò inú ara, irú èyí tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ aró sínú iṣan kí wọ́n tó yà á. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé.

"Ẹ̀n-hẹ́n. Kókó wà lára kíndìnrín ọ̀tún. A máa yọ kíndìnrín náà sọnù. Ọlọ́run fún wa ní méjì. Ẹyọ kan tó èèyàn í lò."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní ìjókòó nígbà tí Ọlọ́run ń pín in.

Ìyàwó mi ní, "Dókítà, ṣé kókó náà ti gba gbogbo rẹ̀ ni?"

"Kò tíì gbà á. Kò ṣe nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ."

"Tí iṣu bá bà jẹ́ lójú kan, ojú ibẹ̀ la máa ń gé sọnù. A ó sì se ìyókù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ọjọ́ náà, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀, n kò sì gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ó kọjú sí èmi, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Madam pé ibí kì í ṣe kíṣìnnì."

"Èkejì ń kọ́?" ni ìyàwó mi bi í.

"Èkejì dára."

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi di fọ́tò náà mú, ojú kíndìnrín òsì gan-an ni àtàǹpàkò náà wà. Kò gbé e kúrò níbẹ̀ kó tó sọ pé ó dára.

A gba fọ́tò wa, a lọ sí ọsibítù ńlá. Oníṣẹ́ abẹ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè pè ní oníwà pẹ̀lẹ́. Kì í kí èèyàn dáadáa, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orí tábìlì tí iná wà nínú rẹ̀ ló gbé fọ́tò náà lé, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wò ó.

Bí a ṣe jókòó láàárín àwọn aboyún nìyẹn. Ìyàwó mi sanra díẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan tó jókòó tì í wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnira o. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àmín o."

"Ṣé wọ́n tíì sọ fún yín bóyá ìbejì ni?"

"Wọn ò tíì sọ. Ṣùgbọ́n ara mi ń sọ fún mi pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Nígbà tó jáde láti inú yàrá tí wọ́n ti wò ó, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu òróró tí wọ́n fi pa á níkùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Ẹ̀ta òkò ni, Dádì. Méjì lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì."

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni kí ẹ lè mọ irú ẹni tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré.

Oníṣẹ́ abẹ náà ka èsì, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọjú sí, kì í ṣe èmi.

"Ẹ ò tíì pé ogójì ọdún. Kókó yín ju ẹyọ kan lọ, ó sì wà lápá méjèèjì. Ta ló tún ní in nínú ìdílé yín?"

"Kò sí o, sà. Bàbá mi ti kú. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ní."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Wọn ò ju ẹni ogójì ọdún lọ."

"Jẹ̀díjẹ̀dí kì í pa ẹni ogójì ọdún. Ẹ lọ béèrè dáadáa."

Ó wá là á yé wa. Tí kókó wọ̀nyí bá kàn ṣẹlẹ̀ sí i ni, ohun tí òun máa ṣe ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe: òun á yọ kíndìnrín ọ̀tún tó ní méjì lára, òun á sì gé ẹyọ kékeré tó wà lósì. Kò léwu púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àrùn ìdílé, kókó mìíràn ń bọ̀. Tí òun bá yọ ọ̀kan lónìí, tí ti òsì bá tún kún fún kókó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí ní Ìlọrin nígbà náà, ìwọ̀nba tó sì wà ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ọ̀gá ológun àti àwọn ẹbí wọn ló ń lò ó. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá tán, òun náà tán. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á máa yọ àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni, òun á sì fi gbogbo ibi tó dára sílẹ̀. Iṣẹ́ náà le, ẹ̀jẹ̀ á ṣòfò, ó lè bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Òun kò ní dáwọ́ lé e láìnídìí.

"Nítorí náà," ó ní, "ọ̀rọ̀ bàbá yín ló máa sọ ohun tí mo máa gé."

Ìyàwó mi wò mí. "Àbí ẹ ò rí i? Ojú ibi tó bà jẹ́ nìkan."

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí wọn. Ó wá sí Tanke lọ́jọ́ Sátidé nínú píjó rẹ̀, òun àti ìyá ìyàwó mi. Agbádá ló wọ̀. A pa adìẹ, nítorí bí a bá tilẹ̀ ń kú lọ, a gbọ́dọ̀ pa adìẹ fún irú wọn. Iwe adìẹ náà ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà.

"Àna wa, ẹ ránṣẹ́ pè wá bí ọlọ́pàá. Ṣé kò sí o?"

Mo ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Ó ń jẹ ẹran lọ.

"Ṣé ọsibítù ti di kóòtù ni? Kí ló kan dókítà kan ìdílé?"

"Ó ní òun fẹ́ mọ̀ kó tó gbé ọ̀bẹ, Bàbá."

"Ìdílé wa mọ́ tónítóní. Nígbà tí ẹ wá fẹ́ ẹ, ṣé ó ń tọ ẹ̀jẹ̀? Odidi la fún yín. Ẹni tó gba odidi, tó wá di àbọ̀ sí i lọ́wọ́, ilé ara rẹ̀ ló yẹ kó wò."

"Kí ló pa àbúrò yín, Bàbá?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí."

"Jẹ̀díjẹ̀dí nìkan?"

Ó gbé egungun ẹran sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọmọbìnrin wà nílé mi tí wọn ò tíì lọ́kọ. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ tọ́ka sí wọn pé ilé ẹlẹ́jẹ̀ nìyẹn? Ẹ ti fẹ́ tiyín, ẹ ti gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù náà rí ọkọ."

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì jókòó sórí àga mi, ó ń fi eyín ya ẹsẹ̀ adìẹ mi, ó fẹ́ kí wọ́n gé kíndìnrín ọmọ àbúrò rẹ̀ dànù nítorí ọkọ tí kò tíì wá. Mo ti bá onírúurú òmùgọ̀ pàdé nínú iṣẹ́ mi, inú ìwé ìtàn sì kún fún wọn. Mi ò tíì rí èyí tó ń jẹun dáadáa tó ọ̀kan yìí.

Ìyá ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó mi jáde láti inú yàrá, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó padà wọlé. Omi kò yọ lọ́jọ́ náà, garawa la fi ń da omi sí i, garawa náà sì ti gbẹ. Màmá dìde pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí.

"Bàbá. Jẹ̀díjẹ̀dí wo ló ń gba iwájú jáde?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀yìn ló ń gbà. Ti ọkọ mi, iwájú ló gbà. Èmi ni mo fọ aṣọ rẹ̀. Bó ṣe pọ́n nìyẹn, bó ṣe rí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn gan-an."

"Ìyàwó, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Àbúrò yín obìnrin ń kọ́, èyí tí ẹ ní àǹjọ̀nú ló pa? Ta ló tọ́jú ẹ? Èmi náà ni. Iwájú ló gbà."

"Mo ní ẹ jókòó!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká máa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ ní ọmọ á dàgbà, á sì fẹ́ lọ́kọ. Ó ti lọ́kọ, Bàbá. Ọkọ ọ̀hún ló jókòó yìí. Ta la tún ń pa irọ́ fún?"

Olórí ẹbí náà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní obìnrin kì í pa àṣírí mọ́. Lẹ́yìn náà ló fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ ẹran náà tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà dà bíi pé mo fi kún un: ó jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà náà kò kẹ́dùn, kò ní "èèyàà". Ó kàn ní, "Ó dáa. Lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn," ó sì sọ fún mi pé òun nílò yìnyín.

Tí wọ́n bá fẹ́ yọ kókó lára kíndìnrín, wọ́n á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín àkókò náà, ó gbọ́dọ̀ tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa kú. Omi dírípù ni wọ́n máa ń sọ di yìnyín, tí wọ́n á fọ́ ọ, tí wọ́n á fi yí i ká. Ṣùgbọ́n firísà ọsibítù náà kò rí iná lò tó. Nẹ́pà ń mú un bó ṣe wù ú, jẹnẹrétọ̀ sì wà tí kò ní dísẹ́lì. Ọsibítù tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu pè ní ti ìjọba àpapọ̀, kò lè mú omi dì.

Obìnrin kan wà ní Ṣàngó tó ń ta ẹja dídì, Àlhájà kan, ọmọ Ìlọrin. Yàrá tútù rẹ̀ kì í sinmi, torí pé ẹja kò mọ àwáwí. Mo gbé àwọn ọ̀rá dírípù náà lọ, mo ti fi ọ̀rá mìíràn wé wọn ní ìlọ́po-ìlọ́po.

"Kí lẹ fẹ́ fi dírípù ṣe láàárín ẹja mi?"

"Àlhájà, inú ìyàwó mi ló ń lọ."

"Súbúhánà! Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kó títùsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i."

Láti àárín ẹja títùsì la ti gbé e sínú kúlà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ kókó méjèèjì tó wà lọ́tùn-ún, kíndìnrín sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi lajú dáadáa, tí mo ròyìn ibi tí yìnyín ti wá fún un, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kó má baà rẹ́rìn-ín jù.

"Dádì, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì máa wò mí dáadáa. N kò fẹ́ yọ ìpẹ́."

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, wọ́n tún ṣe ti òsì. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. A bá dókítà ti Challenge pàdé lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì.

"Madam! Ẹ ò wá mọ́."

"Mo ti gé ojú ibi tó bà jẹ́, Dókítà. Mo ti se ìyókù."

Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó rántí. Irú wọn kì í rántí.

Ó lé ní ọdún mẹ́fà tí ìyàwó mi lò sí i. Àwọn ọdún náà ni ìjọba kì í san owó oṣù àwọn tíṣà déédéé, ó sì máa ń gbé ife omi rẹ̀ sókè láàárọ̀, á fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á ní, "Tíṣà ìjọba ni àwọn méjèèjì yìí. Wọn ò gba nǹkan kan, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́." Kò fìgbà kan nílò ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó pa á hù sínú orí rẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni nílùú wa kò lè dé. Ẹ̀ka àrùn kan náà ni. Oníṣẹ́ abẹ náà ti sọ fún wa pé ó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn kíndìnrín rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di òwúrọ̀ tó kú. Mo mọ̀, torí èmi ni mo ń gbé igbá ìtọ̀ rẹ̀, ó sì mọ́ bí omi òjò.

Olórí ẹbí wọn wá fún ètò ìsìnkú. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sára pósítà: *lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́*.

"Bàbá," mo ní, "ọdún mélòó ló ń jẹ́ ránpẹ́ nílé yín?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Tèmi kọ́."

Mo yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ olóògbé sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ orúkọ àrùn náà, mo sì ní kí gbogbo ọmọ ilé wọn tó jókòó síbẹ̀ lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n wò mí bí ẹni tó tú aṣọ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àwọn kan kò kí mi mọ́ títí di òní. Ó tù mí lára.

Ọdún kejì kò tíì pé nígbà tí píjó náà tún dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti gbó, òun àti ẹni tó ni ín. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí agbádá. N kò pa adìẹ.

"Àna mi," ó ní. Kò pè mí ní ọ̀mọ̀wé. "Ọmọ mi ọkùnrin ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà á láàmú."

Ibi tí ìyá ìyàwó mi ti ń ṣa ẹ̀wà ni ojú mi lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ẹ̀yìn ló ń gbà, àbí iwájú?"

Mo jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀. N kò ràn án lọ́wọ́.

"Iwájú ni," ó ní.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ náà. Irun rẹ̀ ti funfun, ìwà rẹ̀ kò yí padà. Ó gbé fọ́tò ọmọ náà sórí tábìlì tó ní iná, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n, bó ṣe bi wá níjọ́sí: "Ta ló tún ní in nínú ìdílé yín?"

Ọmọ náà kọjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá náà wúkọ́. "Àbúrò mi ọkùnrin," ó ní. "Àti àbúrò mi obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀." Ó wá pe orúkọ ìyàwó mi.

Mo dìde, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò fẹ́ kí bàbá náà rí bí ojú mi ṣe rí. Kò tọ́ sí i.